Bí A Ṣe Ń Wọn Másùnmáwo Lára Ìnàkí Tí Ó Wà Ní Àhámọ́

Ẹni tí ó bá ti ra púpurú lọ́jà Òkìtìpupa rí mọ̀ pé ojú nìkan kò tó láti fi mọ inú rẹ̀. Èéfín ti sọ ara rẹ̀ di dúdú, ó sì di ìgbà tí a bá ha èèpo yẹn dànù kí a tó mọ̀ bóyá inú rẹ̀ funfun tàbí ó ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹranko tí a há mọ́ inú àgò kò yàtọ̀ sí èyí. Ìnàkí lè jókòó jẹ́ẹ́ sí igun àgò rẹ̀, kí ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ó máa wo àwọn tí wọ́n wá wò ó, kí àwọn náà sì máa sọ láàárín ara wọn pé ara tù ú. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹranko náà ti wà nínú ìpọ́njú láti ọdún pípẹ́, tí ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ní agbára láti pariwo mọ́. Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni a ń sọ. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Òkìtìpupa lọ sí Orè mọ̀ pé igbó ọba Olúwa kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni igbó Ìdànrè wà lókè díẹ̀ sí i. Nínú irú àwọn igbó wọ̀nyí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni díẹ̀ nínú àwọn ìnàkí tí ó ṣẹ́ kù sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ń gbé. Àwọn àgbà ọdẹ mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìnàkí kì í ṣe ọ̀bọ, nítorí kò nírù. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa tẹ ẹ̀ka igi pọ̀ láti fi ṣe ibùsùn tuntun. Bí ó bá sì fẹ́ jẹ kòkòrò tàbí oyin inú ihò, ó mọ bí a ti í fi igi ṣe ohun èlò. Orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe gòrílà pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Cross River nìkan ni gòrílà wà ní Nàìjíríà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, bí a bá sọ pé ìnàkí, ti igbó tiwa ni a ní lọ́kàn, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Bí ó bá jẹ́ gòrílà, a ó dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìnàkí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onímọ̀ kà ní Áfíríkà, ti Nàìjíríà òun Kamẹrúùnù ni iye rẹ̀ sì kéré jù. Àpapọ̀ gbogbo wọn ní orílẹ̀-èdè méjèèjì kò tó 10,000. Ní 2009, olùwádìí kan tí ń jẹ́ Elizabeth Greengrass tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Primate Conservation, àkọlé rẹ̀ sì sọ ọ́ láìfi bò pé ìnàkí ti súnmọ́ àtiparun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Gígé igi, ṣíṣe oko sínú igbó ọba àti ìbọn ọdẹ ni ó fà á.

Ìbọn yẹn kan náà ni ó ń mú kí ọmọ ìnàkí dé inú àgò. Ọmọ ìnàkí a máa mu ọmú fún bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ikùn tàbí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó sì ń lẹ̀ mọ́ ní gbogbo ìgbà náà. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìkọ́kọ́ pa ìyá. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ọmọ ìnàkí tí a so okùn mọ́ nídìí lẹ́yìnkùlé ẹnìkan, tí àwọn ọmọdé ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàn án, kí a mọ̀ pé ó ti rí ikú ìyá rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. A ti ta ẹran ìyá náà, ọmọ ni ó ṣẹ́ kù. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1985 lórí àwọn ẹranko tí ó fẹ́ parun kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni ṣọdẹ ìnàkí tàbí gòrílà, tàbí kí ó fi wọ́n ṣòwò.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ nípa irú òwò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ti pẹ́ ní Ìbàdàn kò ní gbàgbé ọgbà ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 láti ran ẹ̀kọ́ nípa ẹranko lọ́wọ́, pẹ̀lú gòrílà méjì tí òkìkí wọn kàn níbẹ̀, Aruna àti Imade. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn ọmọ gòrílà mẹ́rin mìíràn gúnlẹ̀ sí ọgbà ẹranko Taiping ní Málésíà. Ìwé tí ó bá wọn lọ sọ pé ọgbà ẹranko Ìbàdàn ni a ti bí wọn. Irọ́ ni. Inú igbó Kamẹrúùnù ni a ti mú wọn. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ni Izan, Abbey, Tinú àti Oyin, ẹ sì rí i pé orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, ìjọba Málésíà gbà wọ́n, wọ́n sì kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà ní 2004. Ó di ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2007 kí wọ́n tó padà sí Kamẹrúùnù, sí ibùdó ààbò ẹranko tí ó wà ní Limbe. Láti igbó dé Nàìjíríà, láti Nàìjíríà dé Málésíà, láti Málésíà dé Gúúsù Áfíríkà, láti ibẹ̀ dé Limbe: ìrìn-àjò mẹ́rin láàárín ọdún díẹ̀, fún ẹranko tí ìyá wọn ìbá ṣì máa gbé kiri nínú igbó nígbà tí èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí olùtọ́jú wọn bá fẹ́ mọ ohun tí irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ ti ṣe sí ara wọn, kí ni yóò wọ̀n?

Ohun tí a fẹ́ wọ̀n náà ni Yorùbá ń pè ní másùnmáwo. Ní 1936, onímọ̀ ìṣègùn kan ní Kánádà, Hans Selye, kọ ìwé ṣókí tí ó fi hàn pé ara ẹ̀dá a máa hùwà kan náà sí onírúurú ìnira, ìbáà jẹ́ òtútù, ọgbẹ́ tàbí májèlé. Láti ìgbà náà ni a ti mọ ọ̀nà tí ó ń gbà ṣẹlẹ̀. Bí ẹranko bá rí ewu, ọpọlọ yóò ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹṣẹ́ yẹn yóò ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ méjì mìíràn tí wọ́n jókòó lórí kíndìnrín. Àwọn wọ̀nyí yóò sì da èròjà kan tí à ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù sínú ẹ̀jẹ̀. Kọ́tísọ́ọ̀lù yóò tú ṣúgà sílẹ̀ kí iṣan lè rí agbára lò, yóò sì dá àwọn iṣẹ́ tí kò yá dúró ná. Bí ewu bá kọjá, gbogbo rẹ̀ yóò rọlẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ni èyí. Ìnàkí tí kò bá ní irú èròjà bẹ́ẹ̀ kò ní lè sá fún ẹkùn.

Ibi tí ó ti di àrùn ni ìgbà tí ewu kò bá kọjá. Àgò kò lọ síbì kankan. Ìnàkí tí ó lágbára jù ú lọ tí wọ́n jọ há mọ́ inú ilé onírin kan náà kò lọ síbì kankan, ariwo àwọn tí ń bọ̀ wá wòran kò sì dáwọ́ dúró. Bí kọ́tísọ́ọ̀lù bá wà lókè fún oṣù tàbí ọdún, àwọn iṣẹ́ tí ara ti dá dúró fún ìgbà díẹ̀ yóò wá dúró pẹ́. Agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn yóò dín kù, oúnjẹ kò ní dà dáadáa, abo kò ní lóyún bí ó ti yẹ, ọmọdé kò ní dàgbà bí ó ti yẹ. Másùnmáwo tí ó pẹ́ lára nìyí, òun sì ni ó ṣòro láti wọ̀n, nítorí pé ti ìṣẹ́jú kan lè dà bí ti ọdún kan lójú ẹni tí kò bá ṣọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀jẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni ni pé kí a fa ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà, kí a ka iye kọ́tísọ́ọ̀lù tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìnàkí tí ó ti dàgbà lágbára ju ènìyàn lọ, kì í nawọ́ sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ bí kò bá ṣe pé a ti kọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. A ní láti yìnbọn abẹ́rẹ́ amúnisùn lù ú. Kí oògùn tó mú un, ó ti rí ìbọn, ó ti sáré, ó ti kígbe, kọ́tísọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ga láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun tí a óò rí nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni ìbẹ̀rù àwa tí a wá fà á. Yàtọ̀ sí èyí, iye èròjà náà kì í dúró lójú kan láàárín ọjọ́: a máa ga ní òwúrọ̀, a sì máa lọ sílẹ̀ títí di alẹ́, bí ó ti rí lára ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ òní àti ẹ̀jẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ọ̀la kò ṣe é fi wé ara wọn.

Itọ́ ẹnu sàn díẹ̀. A ti kọ́ àwọn ìnàkí kan láti máa jẹ okùn òwú tí a fi nǹkan dídùn sí lára, kí a sì gbà á padà kí a fún itọ́ inú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan náà ni itọ́ ń sọ. Ìtọ̀ ń sọ ti wákàtí mélòó kan sẹ́yìn.

Ìgbẹ́ ni ó wúlò jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kọ́tísọ́ọ̀lù tí ara ti lò yóò gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá sínú ìfun, àṣẹ́kù rẹ̀ yóò sì bá ìgbẹ́ jáde lẹ́yìn bí ọjọ́ kan sí méjì. Àkókò yìí ni ó mú un dára. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ ti ìṣẹ́jú, ìgbẹ́ a máa kó ti wákàtí púpọ̀ pọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí yóò dẹ́rù ba ẹranko kí ó tó rí i kó. Olùtọ́jú yóò kàn wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìgò. Ìṣòro tirẹ̀ náà wà. Bí ìnàkí márùn-ún bá ń gbé pọ̀, ta ni ó ni èyí? Àwọn olùtọ́jú a máa po àwọ̀ tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí tìrẹ jáde ní búlúù, kí ti ẹnìkejì rẹ̀ jáde ní pupa. Lẹ́yìn èyí ni ti oòrùn tiwa. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó wà nínú ìgbẹ́ kì í sinmi. Wọ́n á máa jẹ àṣẹ́kù èròjà náà títí iye rẹ̀ yóò fi yí padà, ooru sì ń mú iṣẹ́ wọn yá. Ìgbẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀ láti òru, tí òjò Òkìtìpupa ti rọ̀ lé lórí, kò lè sọ òtítọ́ kankan fún ẹnikẹ́ni. A gbọ́dọ̀ tètè kó o sínú fìríìsà, bí iná kò bá sì ṣe é gbọ́kàn lé, kí a rì í sínú ọtí líle irú èyí tí a ń lò nílé àyẹ̀wò.

Nílé àyẹ̀wò, wọn yóò yọ èròjà náà jáde, wọn yóò sì dà á sínú ihò kéékèèké tí a ti fi èròjà mìíràn tí ó máa ń dì mọ́ ọn sí. Àwọ̀ ni ìdáhùn. Nínú irú àyẹ̀wò tí ó wọ́pọ̀ jù, bí kọ́tísọ́ọ̀lù bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ náà yóò ṣe ṣá tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í mọ̀ bóyá ohun tí a bu sínú òun jẹ́ ti ìnàkí tàbí ti ewúrẹ́, nítorí náà ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ dán ọ̀nà rẹ̀ wò. Bí dókítà ẹranko bá ní láti fi oògùn mú ìnàkí kan sùn nítorí eyín tàbí ọgbẹ́, a mọ̀ dájú pé ọjọ́ yẹn jẹ́ ọjọ́ ìnira fún un. Bí ìgbẹ́ ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kò bá fi ohunkóhun hàn, ọ̀nà àyẹ̀wò ni kò dára.

Èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ mu jù lọ ni irun. Ẹni tí ó bá wo ìdí ọ̀pẹ, irú èyí tí ó kún ilẹ̀ Ìkálẹ̀, yóò rí àpá imọ̀ tí a ti rẹ́ láti ọdún mọ́dún, ọ̀kan lórí èkejì, ti àtijọ́ nísàlẹ̀, ti àìpẹ́ lókè. Irun rí bẹ́ẹ̀, àfi pé ó yí padà: ti àìpẹ́ ni ó wà nídìí, ti àtijọ́ ni ó wà lórí. Bí irun ṣe ń hù ni kọ́tísọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irun orí ènìyàn a máa hù ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, èyí tí ó fi hàn pé irun tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta jẹ́ àkọsílẹ̀ nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ìbẹ̀rù ọjọ́ tí a gé e kò sí nínú rẹ̀ rárá. A ó fọ irun náà kí lágùn àti ìdọ̀tí ara rẹ̀ lè kúrò, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó sì yọ èròjà inú rẹ̀ jáde.

Ní Jàpáàn, Yumi Yamanashi àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí lára àwọn ìnàkí tí ń gbé ní ibùdó Kumamoto, níbi tí a kó àwọn tí a ti lò fún ìwádìí ìṣègùn tẹ́lẹ̀ sí. Ìwé wọn ti 2013 fi hàn pé irun apá ìnàkí kan náà àti irun ibòmíràn lára rẹ̀ kò mú iye kan náà wá, nítorí náà ojú kan ni kí a ti máa gé e nígbà gbogbo. Ní 2016, wọ́n tún fi hàn pé ìnàkí akọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbógun tì jù ni kọ́tísọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú irun rẹ̀, àti pé ìṣípòpadà láti ibùdó kan sí òmíràn a máa fi àmì sílẹ̀ nínú irun. Kí a wá rántí Tinú àti Oyin àti ìrìn-àjò wọn mẹ́rin.

Síbẹ̀, iye tí ó ga kì í ṣe ẹ̀rí ìyà nígbà gbogbo. Oyún a máa gbé e ga, àìsàn a máa gbé e ga, eré àti gígùn a máa gbé e ga. Èyí tí ó tilẹ̀ ṣòro jù ni òdìkejì rẹ̀. Lára àwọn ènìyàn tí wọ́n ti la ìpọ́njú ńlá kọjá fún ìgbà gígùn, a ti rí i pé kọ́tísọ́ọ̀lù lè rẹlẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, bí ìgbà tí ẹni tí a ń pè ní gbogbo òru kò dáhùn mọ́. Bí olùtọ́jú bá rí irú iye bẹ́ẹ̀ lára ìnàkí tí ó sì sọ pé ara tù ú, ó ti ṣìnà pátápátá. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kì í fi í gba ẹyọ iye kan gbọ́. Wọ́n á fi ẹranko náà wé ara rẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Àwọn kan, bí Ashley Edes ní Amẹ́ríkà nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí gòrílà ní 2016, a máa ka onírúurú èròjà inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ láti mọ bí ẹrù tí ara ti rù láti ọdún pípẹ́ ti wúwo tó.

Wọ́n á sì lo ojú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ojú tí a fi ń wòran. Ní 1974, Jeanne Altmann kọ ìwé kan tí gbogbo ẹni tí ń kíyè sí ìwà ẹranko ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní. Kókó rẹ̀ ni pé bí a bá ń kọ kìkì ohun tí ó fà wá lójú, àwọn tí ń pariwo nìkan ni a óò máa kọ, ẹni tí ó dákẹ́ sígun yóò sì bọ́ kúrò nínú ìwé. Nítorí náà kí a fi aago ṣe é: ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí a wo ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí a kọ ohun tí ó ń ṣe ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Lẹ́yìn oṣù kan, ìwé yóò fi hàn ohun tí ọkàn ènìyàn kò lè rántí. Àwọn ìwà tí a ń wá ni kí ẹranko máa mi síwá mi sẹ́yìn láìdáwọ́ dúró, kí ó máa tu irun ara rẹ̀ títí awọ yóò fi hàn, kí ó máa bu ara rẹ̀ jẹ, kí ó máa jẹ ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó máa họra nígbà tí kò sí eégbọn. Ní 2011, Lucy Birkett àti Nicholas Newton-Fisher tẹ ìwádìí jáde lórí ìnàkí 40 tí ń gbé ní ọgbà ẹranko mẹ́fà ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó. Wákàtí 1,200 ni wọ́n fi wò wọ́n. Kò sí ọ̀kan nínú 40 náà tí kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ó kéré mọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọgbà tí a ń tọ́jú dáadáa ni wọ́n.

Kò yẹ kí a torí èyí rò pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ní ọdún 2011 yẹn kan náà, Victoria Wobber àti Brian Hare tẹ ìwádìí tiwọn jáde lórí àwọn ọmọ òrukàn tí ń gbé ní àwọn ibùdó ààbò ní Áfíríkà, ìnàkí pẹ̀lú ìbátan wọn tí à ń pè ní bonobo. Wọ́n fi àwọn tí a pa ìyá wọn wé àwọn tí ìyá wọn tọ́ dàgbà. Kọ́tísọ́ọ̀lù wọn kò yàtọ̀ sí ara wọn lọ́nà tí ó ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ni ìwà òdì kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ohun tí àwọn ibùdó wọ̀nyí fún wọn kò ṣòro láti mọ̀: ẹgbẹ́, igi tí wọ́n lè gùn, ilẹ̀ tí ó fẹ̀, ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí bí ẹlòmíràn bá ń dà wọ́n láàmú. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ wà ní Cross River, ní ẹ̀bá òkè Afi, lábẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ Pandrillus, ìnàkí sì wà lára àwọn ẹranko tí ó ń gbé ibẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ yìí, ìwé àti aago ni ó rọrùn láti rà jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù. Àyẹ̀wò irun gba ẹ̀rọ àti oògùn. Kíkọ ìwà sílẹ̀ gba sùúrù àti ẹni tí kò ní purọ́ sínú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹranko ní Òkìtìpupa, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìbàdàn tí ó bá ń wá iṣẹ́ àṣekágbá lè fi oṣù mẹ́ta ṣe é ní ọgbà ẹranko èyíkéyìí, kí ó sì fún àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ ní ohun tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀.

Fún ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa tí ẹ kì í ṣe onímọ̀, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn yín jù ni ọjà àti ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ẹ bá rí ẹni tí ń ta ọmọ ìnàkí, ẹ má ṣe rà á, kódà bí ó bá jẹ́ pé àánú ni ó ṣe yín. Owó tí ẹ bá san yóò sọ fún ọdẹ pé ọjà wà fún èyí tí ó tún kù nínú igbó. Ẹ má sì gbé e mọ́ra, nítorí pé òtútù àyà tí ó ń ṣe yín lè pa á, àrùn tirẹ̀ náà sì lè ran yín. Ẹ fi tó òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó ní ìjọba ìbílẹ̀ yín létí, tàbí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NESREA, tí a dá sílẹ̀ ní 2007, tàbí ọlọ́pàá. Ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ tí ẹ rí i ni kí ẹ rántí.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò kì í yé sọ. Kí a tó lè sọ pé kọ́tísọ́ọ̀lù ìnàkí inú àgò pọ̀ jù, a ní láti mọ iye tí ó wà lára ìnàkí tí kò sí nínú àgò, tí ó jẹ́ ẹ̀yà kan náà, tí ó ń jẹ èso igbó kan náà, tí òjò kan náà ń pa. Òṣùwọ̀n wa nìyẹn, kò sì sí ilé àyẹ̀wò tí ó lè ṣe òmíràn. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ìnàkí tó kúrò lórí ibùsùn ewé tí ó fi sun òru, ó sábà máa ń yàgbẹ́ sílẹ̀ láti orí igi. Olùwádìí tí ó bá ti mọ igi náà láti ìrọ̀lẹ́ àná yóò dúró lọ́nà jíjìn títí ẹranko yóò fi lọ, yóò wá lọ sábẹ́ igi pẹ̀lú ìgò rẹ̀. Ní igbó Olúwa àti Ìdànrè, irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ka ìnàkí máa ń gbójú sókè wá, wọ́n sì ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ẹyọ kan.